Bí Ìṣirò Áàpù Kò Bá Bá Owó Ẹgbẹ́ Mu: Ibi Tí A Ó Kọ́kọ́ Wò



Ẹ̀kọ́ wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí dá lórí áàpù orí fóònù tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe káàkiri agbègbè wa, láti Igbẹ́sà dé Lùsàdá, láti Àgbárá dé Àtan àti Ṣàngó. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń tẹ áàpù. Àwọn ọmọ yín lè kọ́ yín ní ìyẹn nínú ilé. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe ń wá ìdí àléébù nígbà tí áàpù tí ẹgbẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: tó ń ka owó tí kò sí, tó kọ̀ láti ṣí, tó ń sọ pé òun kò mọ ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ń dá owó láti ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ yìí. Ìgbìmọ̀ alákòóso gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, nítorí àwọn ni yóò jókòó ti ẹni tó ṣe áàpù, tí wọn yóò sì sọ fún un ohun tó yẹ kó tún ṣe.

Ìdí tí mo fi mú un ní pàtàkì ni pé bí ìwé àti owó kò bá dọ́gba nínú ẹgbẹ́, orúkọ akápò ni ẹnu kọ́kọ́ ń pè. Ní ẹgbẹ́ kan lágbègbè wa tí mo lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fi owó ránṣẹ́ sí báńkì ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tẹ iye tí wọ́n san sínú áàpù. Áàpù wá sọ pé owó tí wọ́n dá fi ₦120,000 ju èyí tó wà ní báńkì lọ. Kí n tó dé, ìgbìmọ̀ ti gba ìwé sọ̀wédowó lọ́wọ́ akápò, ìyá oníṣòwò kan tó ti ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ti ní kó lọ jókòó sílé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà ti gbọ́. A tẹ àkọsílẹ̀ áàpù jáde, a fi í wé ìwé báńkì ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 6 ló san ₦20,000 kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ tí iléeṣẹ́ san owó oṣù. Báńkì gba ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Áàpù kọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. ₦20,000 lọ́nà 6, ₦120,000 nìyẹn. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó sọnù.

IYE TÓ YÀTỌ̀ Ń SỌ̀RỌ̀

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, àwa tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ti ní ọgbọ́n kan tí àwọn ọ̀gá wa fi lé wa lọ́wọ́. Bí apá ọ̀tún àti apá òsì ìwé ìṣirò kò bá dọ́gba, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ojú ewé láti orí dé ìdí. A ó kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n fi yàtọ̀ síra. Bí 9 bá pín iye náà láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé ti fi nọ́ńbà kan sí ipò èkejì: ó fẹ́ kọ ₦5,400, ó kọ ₦4,500, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦900, 9 sì pín in. Bí a bá pín iye náà sí méjì, tí a sì rí ìdajì rẹ̀ nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kí ohun tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún ti bọ́ sí apá òsì: ₦3,000 tó bọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò mú ìyàtọ̀ ₦6,000 wá. Kì í ṣe idán. Ó kàn ń sọ ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ni.

Áàpù náà ní tirẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ iye tí ẹnì kan dá gan-an, tàbí ìlọ́po rẹ̀, ẹ wá ohun tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ̀ díẹ̀ tó ń ga sí i lóṣooṣù, ẹ lọ wo bí áàpù ṣe ń ṣírò èlé àti èrè. Bí àpapọ̀ ọdún bá pé, ṣùgbọ́n tí oṣù kan lé, tí oṣù tó tẹ̀ lé e sì fi iye kan náà dín, aago ni. Bí àpapọ̀ bá pé, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ń pariwo pé òun kò rí owó òun, ẹ wo orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Mi ò sọ pé akápò kì í jalè o. A ti rí èyí tó jalè, a sì mọ ohun tí òfin wí nípa rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ ka ẹ̀rí kí a tó ka ẹ̀sùn.

BỌ́TÌNÌ KAN, ÀKỌSÍLẸ̀ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí nínú gbogbo àléébù tí mo ti bá pàdé, òun ló ń ba orúkọ ènìyàn jẹ́ jù.

Ọmọ ẹgbẹ́ kọ ₦20,000, ó sì tẹ bọ́tìnì tó ní “Fi ránṣẹ́”. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà. Ojú fóònù kò yí padà. Ó tún un tẹ̀. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Bí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Àgbárá àti àwọn tó wà nínú ọgbà iléeṣẹ́ Ogun-Guangdong ní Igbẹ́sà bá gba owó oṣù lọ́jọ́ kan náà, gbogbo wọn á máa tẹ bọ́tìnì láàrin wákàtí kan, ohun tí kì í pẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù á sọ fún yín pé àwọn ti wá nǹkan ṣe sí i: bí ènìyàn bá ti tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́ títí èsì á fi dé. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ fi í wé lẹ́tà tí ẹ fi rán awakọ̀ láti Igbẹ́sà lọ sí Èkó. Lẹ́tà lè sọnù lójú ọ̀nà kó tó débẹ̀. Ó lè débẹ̀, kí wọ́n ṣe ohun tí ẹ wí, kí èsì wá sọnù nígbà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní Igbẹ́sà kò lè mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, nítorí ohun kan náà ni ẹ rí: èsì kò dé. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà mìíràn, tó sì jẹ́ pé èsì ló sọnù, wọ́n á ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù ọmọ ẹgbẹ́ rí sí kọ̀ǹpútà tí ìwé ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀. Gbogbo wa la rí irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n, tí gbogbo ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù: báńkì ti yọ owó ẹni, ẹni tó tajà ní òun kò rí alẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè gbé ọjà wọn kúrò níbẹ̀.

Oògùn rẹ̀ wà nínú ìwé risíìtì tí ẹ ti ń lò tipẹ́. Risíìtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kò sì sí akọ̀wé tó mọṣẹ́ tó máa kọ risíìtì nọ́ńbà kan náà sínú lẹ́jà lẹ́ẹ̀mejì. Kí fóònù fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní kété tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ṣí ojú ìwé ìsanwó, kó tó tẹ bọ́tìnì rárá. Bó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, bó tẹ̀ ẹ́ nígbà 10, nọ́ńbà kan náà ni kó máa bá a lọ. Kí kọ̀ǹpútà tó ń gbà á sì ní òfin kan: nọ́ńbà tí ó bá ti kọ sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́, èsì àkọ́kọ́ ni kó tún fi ránṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ bi í léèrè, nítorí kò hàn lójú áàpù bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ kọ ₦100 sínú áàpù, ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ẹ sì pa dátà fóònù lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ tan dátà, ẹ tún bọ́tìnì tẹ̀. Ẹ ṣe é bí ìgbà 10, kí ẹ wá ka àkọsílẹ̀. Bí ₦100 mìíràn bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ kò tíì parí, kí ẹ má sì san owó tó kù fún olùṣe áàpù.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ kéékèèké nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní Ìlú Ọba, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Post Office bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kan, Horizon, ní 1999. Ní Dalmellington, ìlú kékeré kan ní Scotland, ní 2015, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ fẹ́ kọ £8,000 wọlé láti ọ́fíìsì kan sí èkejì. Ojú kọ̀ǹpútà kò yí padà nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó sì tún un tẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ètò náà kọ £8,000 sílẹ̀. £32,000 ló wà nínú ìwé, £8,000 ló wà nílẹ̀. £24,000 “sọnù” láìsí olè.

Àléébù mìíràn tún wà nínú ètò náà. Láti 1999 títí dé 2015, nígbàkigbà tí ìṣirò Horizon kò bá bá owó mu, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní kí àwọn kan fi owó ara wọn dí i. Ó ju 900 ènìyàn lọ tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn mìíràn wẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sọ fún pé àwọn nìkan ni wọ́n ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀n sọ pé àléébù wà nínú ètò náà lóòótọ́ tó lè mú kí owó dà bíi pé ó dín; ní oṣù Karùn-ún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin láti pa ìdálẹ́bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn rẹ́. Àwọn kan ti kú kí ìròyìn náà tó dé. Bí orílẹ̀-èdè tó ní irú ilé ẹjọ́ àti irú amòfin bẹ́ẹ̀ bá lè gba ẹ̀rọ gbọ́ ju ènìyàn lọ fún ọdún 16, kí ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kò lè ṣe sí akápò wọn ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú?

KỌ́BỌ̀, AAGO, ÀTI ORÚKỌ

Láti 1 January 1973 tí náírà àti kọ́bọ̀ ti gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè, 100 kọ́bọ̀ ni náírà kan, ìṣirò wa sì rọrùn. Kọ̀ǹpútà kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwa ń ka nǹkan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, òun ń kà á ní méjì-méjì. Bí àwa kò ṣe lè kọ ìdá mẹ́ta 1 parí (0.3333, kò lópin), bẹ́ẹ̀ ni òun kò lè kọ ìdá mẹ́wàá 1 parí. Bí olùṣe áàpù bá kọ owó sílẹ̀ bíi nọ́ńbà elésẹ̀ẹsẹ̀, tí ẹ bá ní kó ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, kọ̀ǹpútà á dáhùn pé 0.30000000000000004. Lójú kan, kò tó nǹkan. Nínú èlé tí à ń ṣírò lóṣooṣù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, kọ́bọ̀ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí eku inú àká. Ohun tí ẹ ó sọ fún olùṣe áàpù kò ju gbólóhùn kan lọ: kó máa ka kọ́bọ̀ odidi. ₦3,333.33 kò sí nínú ìwé kọ̀ǹpútà. 333,333 kọ́bọ̀ ló wà níbẹ̀, kó di ojú fóònù kó tó fi àmì sí i.

Ìyẹn nìkan kò parí ọ̀rọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ pín èrè ₦1,000,000 dọ́gba fún ọmọ ẹgbẹ́ 300, ₦3,333.33 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦999,999. Níbo ni ₦1 yòókù wà? Ìpàdé gbogbogbòò ló yẹ kó sọ pé inú owó àkànpọ̀ ni yóò máa lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Bí ẹgbẹ́ kò bá sọ ọ́, olùṣe áàpù á bá yín sọ ọ́, ẹ kò sì ní mọ ohun tó sọ.

Ọ̀rọ̀ aago kò gùn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìwé áàpù ló ń lo aago Greenwich, aago tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó san owó ní aago 12:20 òru ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2025, aago 11:20 alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejì ni kọ̀ǹpútà yóò kọ. Owó ìdá oṣù Kẹta ti bọ́ sínú oṣù Kejì, áàpù á sì bu owó ìtanràn lé ẹni tó san ṣáájú gbogbo ènìyàn. Kí kọ̀ǹpútà máa lo aago tó wù ú, ṣùgbọ́n aago Nàìjíríà ni kí ó fi pín oṣù. Ẹ sì kíyè sí i pé aago fóònù ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí: ẹnikẹ́ni lè yí ọjọ́ orí fóònù rẹ̀ padà, àwọn tó pẹ́ san owó sì tètè ń mọ ìyẹn.

Orúkọ wa náà ń da kọ̀ǹpútà láàmú. Ọ̀nà méjì ló wà láti kọ “ọ” sínú rẹ̀: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ “o” tí a wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú wa ohun kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà ohun méjì ni. Akọ̀wé kọ Ṣọlá ní ọ̀nà kan lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, Ṣọlá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ọ̀nà kejì lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá a forúkọ sílẹ̀ kọ Sola láìfi àmì sí i. Áàpù bá ṣí ìwé mẹ́ta fún ẹnì kan. Kí olùṣe áàpù sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan kó tó fi orúkọ wé orúkọ. Èyí tó dára ju ìyẹn lọ ni kí ó jẹ́ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ti inú páàsìbúùkù, ni áàpù fi ń mọ ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí a yọ àmì orúkọ wa kúrò pátápátá kí iṣẹ́ lè rọrùn, ọ̀lẹ ni.

ÁÀPÙ TÍ KÒ ṢÍ, NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ TÍ KÒ SÍ

Bí áàpù bá ṣí lórí fóònù alága, tí kò ṣí lórí ti ọmọ ẹgbẹ́, ẹ béèrè ohun méjì kí ẹ tó bínú: ẹ̀dà Android wo ló wà lórí fóònù náà, àti pé ṣé ààyè ṣì kù nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ fóònù itel àti Tecno tó wà lọ́wọ́ àwọn ará wa ti pẹ́, wọ́n sì ti kún fún fídíò. Olùṣe áàpù tó ń fi fóònù olówó ńlá kan ṣoṣo dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kò tíì dán nǹkan kan wò. Bí ìkìlọ̀ ìpàdé tàbí ti owó àyálò kì í bá dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fóònù ló ń pa áàpù náà láti fi bátìrì pamọ́; a lè yọ áàpù ẹgbẹ́ kúrò nínú ìyẹn ní ibi ètò bátìrì.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ju agbára olùṣe áàpù lọ, ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ kò ju agbára rẹ̀ lọ. Ní 14 March 2024, okùn mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba ìsàlẹ̀ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báńkì wa sì dojú rú. Áàpù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ òótọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: “A ti gba ọ̀rọ̀ yín sínú fóònù yìí, kò tíì dé ọ́fíìsì.” Áàpù tó kàn ń sọ pé “Ó ti parí” láìtíì rí èsì, irọ́ ló ń pa. Irọ́ yẹn sì ni ọmọ ẹgbẹ́ yóò gbé wá bá akápò.

TA NI Ó NI ÁÀPÙ?

Mo ti rí áàpù tí kò ní àléébù kankan nínú. Orúkọ tí wọ́n fi sí i ló ní àléébù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ṣe é, orúkọ ara rẹ̀ ló fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google, lẹ́yìn náà ó já pa lọ sí òkè òkun. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọdọọdún ni Google ń gbé ìlànà sókè nípa ẹ̀dà Android tí áàpù gbọ́dọ̀ bá mu; áàpù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún mélòó kan, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù tuntun kò ní rí i gbé sórí fóònù wọn mọ́. Ẹgbẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan sí i, nítorí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. $25 ni Google ń gbà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. $99 ni Apple ń gbà lọ́dọọdún. Wọn yóò béèrè ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ wà lóòótọ́, wọn yóò sì béèrè nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní D-U-N-S. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ ní ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹ lò ó. Bí ẹnì kan bá fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn 13 November 2023, Google ní kí ènìyàn 12 ó kéré tán dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 léraléra kó tó jáde síta. 20 ni wọ́n ń béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò tilẹ̀ kan ẹgbẹ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ ṣe é. Ta ni yóò ṣòro fún láti rí ènìyàn 12 nínú ẹgbẹ́? Ẹ mú ìyá tó ń lo fóònù àtijọ́, ẹ mú ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ẹ mú oníṣẹ́ alẹ́.

Ohun kan tún wà tí Google fi ń kọ áàpù sílẹ̀. Láti 31 May 2023, áàpù tó ń yá ènìyàn lówó kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé nọ́ńbà fóònù oníbàárà tàbí inú àwòrán rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ayánilówó orí fóònù fi ojú àwọn ará wa rí: ẹni tó jẹ gbèsè, wọ́n á kọ̀wé sí àna rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀. Bí áàpù ẹgbẹ́ yín bá ń béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, kò ní kọjá, kò sì yẹ kó kọjá. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni ti 2023 náà ń wò yín: ẹ̀yin ni ẹ ni ojúṣe ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi sí yín lọ́wọ́, kì í ṣe olùṣe áàpù nìkan. Onídùúró ti tó wa.

BÍ A ṢE Ń RÒYÌN ÀLÉÉBÙ

“Áàpù kò ṣiṣẹ́” kì í ṣe ìròyìn. Ẹ wo èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ, tí mo fẹ́ràn gan-an: “Fóònù itel, Android 11. Aago 8:15 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo ṣí ojú ìwé àyálò, mo kọ iye owó, mo kọ orúkọ onídùúró méjì, mo tẹ bọ́tìnì, áàpù pa dé. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni. Mo fi onídùúró kan ṣoṣo dán an wò, kò pa dé.” Olùṣe áàpù rí ibi àléébù náà kó tó jẹun ọ̀sán. Ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ yìí ṣe ni pé ó tún nǹkan náà ṣe títí ó fi dá a lójú pé kì í ṣe èèṣì, lẹ́yìn náà ó yí ohun kan ṣoṣo padà. Ẹni tó yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Ẹ má pa páàsìbúùkù àti lẹ́jà tì ní ọjọ́ tí áàpù bá dé. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa rìn fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí akọ̀wé máa fi wọ́n wé ara wọn ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé báńkì. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ojúkojú, kí akápò wà níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ jáde sí ìpàdé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

Áàpù ẹgbẹ́ kan sọ pé owó ìdá oṣù jẹ́ ₦845,000. Báńkì sọ pé ₦830,000. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń dá ₦5,000, ọ̀kan ló ń dá ₦15,000. Àwọn wo ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò, kí ni ìdí rẹ̀?

Bí olùṣe áàpù yín bá kó lọ sí ìlú mìíràn lọ́la, ta ni ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ ibi tí wọ́n forúkọ áàpù yín sí? Kí ẹni náà dìde nínú ìpàdé.

Akọ̀wé fẹ́ kọ ₦7,200 sínú lẹ́jà, ó kọ ₦2,700. Mélòó ni ìyàtọ̀ náà? Ṣé 9 pín in?